Ibi tí Tuntun ti Pàdé Ògbólógbòó: Irin tí A Tún Ṣe àti Ìkọlù Òjijì

  Nígbà tí àwọn tó gbé iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí irin tí wọ́n fi 3D printing tún ṣe, mo rò pé ẹ̀rọ ni wọ́n fẹ́ kí n wá yìn. Wọ́n ní rárá o. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ le ju ìyẹn lọ: bí nǹkan bá kọlu irin náà lójijì, ṣé ibi tí a tún ṣe yóò dúró bíi ti àtẹ̀yìnwá?

Ìdáhùn mi kò gùn. Ó lè dúró, ó sì lè má dúró. Ohun tó máa ń pinnu rẹ̀ jù ni ibi tí ojú àtúnṣe wà nínú irin àti ibi tó kọjú sí. Irin tí wọ́n rọra fà lórí ẹ̀rọ, tó sì yege, lè já nígbà tí ìkọlù bá dé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ àtúnṣe fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Bí ọ̀pá ẹ̀rọ bá ti jẹ níbi tí bíárì ń jókòó sí, wẹ́dà á jó irin tuntun lé e lórí títí á fi sanra ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á wá gbé e lọ bá ẹni tó ní ẹ̀rọ lathe kó gé e dọ́gba. Ọmọ ìyá iṣẹ́ yẹn ni èyí tí à ń sọ. Ohun tó fi yàtọ̀ ni ìṣọ́ra. Ìmọ́lẹ̀ lésà á yọ́ ojú kékeré kan lára irin, ẹnu ẹ̀rọ á máa fẹ́ irin tó kúnná lúbúlúbú sínú ibi tó yọ́ yẹn, kọ̀ǹpútà á sì máa darí rẹ̀ lọ bọ̀, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ìpele lórí ìpele, títí ibi tó jẹ náà á fi kún. Sandia, ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà tó wà ní New Mexico, ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. LENS ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti lò ó ní ibùdó àtúnṣe àwọn ọmọ ogun ní Anniston, ìpínlẹ̀ Alabama, fún àwọn ẹ̀yà ẹ̀ńjìnnì táǹkì M1 Abrams. Ní Finspång, lórílẹ̀-èdè Sweden, ọ̀nà mìíràn ni Siemens gbà: wọ́n gé orí tó ti jó kúrò lára ẹnu iná tọ́báìnì gáàsì, wọ́n gbé ìyókù sínú ẹ̀rọ, wọ́n sì tẹ orí tuntun lé ara àtijọ́. Owó àti àkókò ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí. Ẹ̀yà ẹ̀ńjìnnì kan lè wọ́n ju mọ́tò lọ, èyí tó bàjẹ́ lára rẹ̀ sì lè má tó ìka ọwọ́ kan.

Ṣùgbọ́n irin tó ti ọwọ́ lésà jáde kì í ṣe irú irin tó ti ilé ìrọ́rin wá, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ó yọ́ kíá, ó tún tutù kíá. Ooru rẹ̀ lè já wálẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dígírì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí èyí, àwọn wóró inú rẹ̀ máa ń gùn gbọọrọ, wọ́n á sì dojú kọ ibi tí ooru ń bá jáde. Níbi tí lésà kò ti yọ́ ìpele ìsàlẹ̀ tó, ihò pẹlẹbẹ lè kù láàárín ìpele méjì. Níbi tí agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù, ihò roboto ló ń fi sílẹ̀. Bí irin tuntun sì ti ń sún kì nígbà tó ń tutù, tí irin àtijọ́ kò jẹ́ kó sún kì tó, ìfà ń kù sínú wọn láìsí ẹni tó fà wọ́n.

Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ká wo ìkọlù.

Ní ọdún 1872, John Hopkinson, onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, so wáyà irin kọ́ láti òkè, ó sì ń jẹ́ kí ẹrù wúwo já bọ́ gbá ìdí wáyà náà. Ohun tó rí ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Wáyà náà lè já lókè lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n so ó mọ́, kó má já nísàlẹ̀ níbi tí ẹrù ti gbá a. Gíga tí ẹrù ti já bọ́ ló tún ń pinnu bóyá yóò já, ju bí ẹrù náà ṣe wúwo tó lọ. Ohun tó fà á ni pé ìkọlù kì í dé gbogbo ara irin lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí a gbá ló kọ́kọ́ mọ̀. Ìyókù kò tíì gbọ́. Ìròyìn náà ń rìn gẹ́gẹ́ bí ìgbì, nínú irin ó sì ń sáré tó nǹkan bíi 5,800 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ohun tí ìgbì yìí ń ṣe nígbà tó bá dé ìpẹ̀kun ni gbogbo ọ̀rọ̀ òní rọ̀ mọ́. Ẹ wo àwọn ọmọdé tí wọ́n ń ṣeré ọkọ̀ ojú irin, tí oníkálukú di ìbàdí ẹni iwájú rẹ̀ mú. Bí ẹnìkan bá ti ẹni tó kẹ́yìn, títì náà á máa ti ara ọmọ kan bọ́ sí ara òmíràn. Tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà níwájú pátápátá, òun kò rí ẹni tì mọ́. Á ta síwájú, á sì fa ẹni tó di ìbàdí rẹ̀ mú. Títì ti di fífà nìyẹn, fífà náà á sì máa padà lọ sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìfúnpọ̀ ṣe ń dé ẹ̀yìn irin, níbi tí kò sí nǹkan mọ́ bí kò ṣe afẹ́fẹ́, tó sì ń padà gẹ́gẹ́ bí ìfà. Irin lè gba ìfúnpọ̀ tó pọ̀ láìya. Ìfà ló ń ṣí ihò nínú rẹ̀. Bí ìfà yẹn bá pọ̀ tó, abala kan á bó kúrò lẹ́yìn, nígbà tí ojú tí a gbá lè má ju kó ní àpá díẹ̀ lọ. Spall ni àwọn onímọ̀ ń pe irú bíbó yìí. Àwọn ológun Britain ti gbé ọta àgbá kan kalẹ̀ lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní HESH. Kì í gún ara táǹkì wọlé rárá. Àdó inú rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ sára irin níta, á bú gbàù, irin inú lọ́hùn-ún ni yóò sì bó tí yóò máa fò lu àwọn tó wà nínú ọkọ̀.

Ọmọ John, Bertram Hopkinson, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge, gbé iṣẹ́ kan jáde ní 1914 tí mo máa ń fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń tún irin ṣe mọ̀. Ó wá bí yóò ṣe wọn ìfúnpọ̀ tí ọta ìbọn àti ìbúgbàù ń mú wá. Ó mú ọ̀pá irin gígùn kan, ó lẹ irin kúkúrú mọ́ ìparí rẹ̀, agbára mágínẹ́ẹ̀tì díẹ̀ ló sì so wọ́n pọ̀. Ó yin ọta lu orí kejì. Ìfúnpọ̀ gba ojú ìpàdé irin méjèèjì kọjá bí ẹni pé kò sí ojú ìpàdé kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yí padà tó di ìfà, ojú ìpàdé kò lè dì í mú, irin kúkúrú náà sì fò lọ. Láti ara bó ṣe fò ni Hopkinson ti ṣírò ohun tó fẹ́ mọ̀.

Ojú àtúnṣe ń hùwà bíi ti ọ̀pá yẹn. Títì kì í tú àṣírí rẹ̀. Bí ẹ bá fi òòlù lù ú níwájú oníbàárà, tó dún gan-an bí odidi irin, ìfúnpọ̀ ló gbà á kọjá, ẹ kò tíì fi ìfà dán an wò.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń fi ìfà òjijì dán irin wò? Wọ́n ní ìbọn kan fún un, gígùn ni, ọ̀nà inú rẹ̀ sì dán. Gáàsì tí wọ́n há mọ́ ló ń yìn ín, kì í ṣe ètù. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ jẹ́ àwo irin pẹlẹbẹ kan. Wọ́n á gbé àpẹẹrẹ irin tí wọ́n fẹ́ dán wò síwájú ẹnu ìbọn, pẹlẹbẹ lòun náà, mílímítà díẹ̀ ló nípọn. Ìdúró wọn gba sùúrù púpọ̀, torí ojú àwo àti ojú àpẹẹrẹ gbọ́dọ̀ kanra rẹ́gí. Bí igun kan bá ṣáájú èkejì kàn án, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Bí àwo irin bá fi ìyára 300 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan kọlu irin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìfúnpọ̀ tó ń bí sún mọ́ 6 GPa, èyí tó tó ìlọ́po 60,000 ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí. Ìgbì kan wọ inú àpẹẹrẹ, òmíràn wọ inú àwo. Méjèèjì dé ẹ̀yìn wọn, wọ́n padà gẹ́gẹ́ bí ìfà, wọ́n sì pàdé. Bí àwo bá jẹ́ ìdajì àpẹẹrẹ ní nínípọn, àárín àpẹẹrẹ ni wọ́n ti ń pàdé.

Lésà kan wà tó ń ka ìyára ẹ̀yìn àpẹẹrẹ náà. Ohun tó ń kọ sílẹ̀ rí báyìí: ẹ̀yìn irin dúró jẹ́ẹ́, lójijì ó ta síwájú, ó dúró lórí ìyára kan fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí dẹ̀ torí irin tó wà nínú ń fà á sẹ́yìn. Bí irin bá ya nínú, okùn já. Ẹ̀yìn rẹ̀ á tún ta síwájú lẹ́ẹ̀kejì. Bí ìyára náà ṣe lọ sílẹ̀ tó kó tó tún gòkè ni wọ́n fi ń ṣírò ìfà tó ya irin náà. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìdá díẹ̀ nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Àwọn tó ṣe ìdánwò á tún fi nǹkan rírọ̀ gba àpẹẹrẹ náà kó má baà lọ gbá ògiri, wọ́n á gé e sí méjì, wọ́n á dán ojú rẹ̀, wọ́n á sì fi awò asọhun-kékeré-di-ńlá wo ibi tí ihò ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 2016, David Jones àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn wà ní ilé ìwádìí Los Alamos ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ jáde. Ti-6Al-4V ni wọ́n lò, irin titanium tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú fẹ́ràn. Lésà ló tẹ àpẹẹrẹ wọn láti inú irin lúbúlúbú, wọ́n sì fi irú irin kan náà tí wọ́n rọ ní ọ̀nà àtijọ́ ṣe àfiwé. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà gé àpẹẹrẹ títẹ̀ náà. Nínú èyí àkọ́kọ́, ìfà bá ìpele lọ, kò wá ọ̀nà láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Àpẹẹrẹ yìí di ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún agbára irin tí wọ́n rọ mú. Nínú ìkejì, ìfà dojú kọ ìpele gbọnran, ó ń fẹ́ ṣí ọ̀kan kúrò lórí òmíràn. Agbára rẹ̀ já sí ìdá 60.

Irú irin kan náà ni o, ọ̀nà ìtẹ̀ kan náà. Ibi tó kọjú sí nìkan ló yí padà.

Ohun tó yẹ kó gba oorun lójú oníṣẹ́ ẹ̀rọ tún wà nínú iṣẹ́ kan náà. Wọ́n rọra fa àwọn àpẹẹrẹ láti ìhà méjèèjì, bí gbogbo yàrá ìdánwò ṣe máa ń fa irin, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kéré púpọ̀ sí èyí tí ìbọn fi hàn. Ẹni tó bá gbára lé ìdánwò yẹn nìkan á fọwọ́ sí ìwé pé ìhà méjèèjì dára. Ìdí rẹ̀, bó ṣe yé mi sí, ni pé irin tí a rọra ń fà ní àkókò. Bí ibi kan bá rọ̀, ẹrù á sún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, irin á na díẹ̀, àwọn ibi tó lágbára á gbé ohun tí aláìlágbára kò lè gbé. Nínú ìkọlù, kò sí ẹni tó ń dúró de ẹnìkan. Ìfà bọ́ sí ojú kan lẹ́ẹ̀kan náà, bí ojú yẹn bá sì jẹ́ ojú ìpàdé ìpele méjì, ihò á ṣí káàkiri ibẹ̀ kí irin tó wà ní ẹ̀gbẹ́ tó rí ọwọ́ nà.

Àpẹẹrẹ wọn yìí, tuntun ni látòkè délẹ̀. Irin àtúnṣe tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, torí irin mẹ́ta ló wà nínú ẹyọ kan: àtijọ́ tí iná kò kàn, tuntun tí lésà gbé kalẹ̀, àti tẹ́ẹ́rẹ́ àárín tí iná lésà ti yan ṣùgbọ́n tí kò yọ́. Líle wọn lè yàtọ̀, wóró inú wọn yàtọ̀. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ irú irin kan náà ni wọ́n fi tún un ṣe, ìgbì ń sáré bákan náà nínú wọn, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé òun ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Èyí ló mú kí ẹ̀rọ tó ń fi ìró wo inú irin lè rí ihò àti àlàfo, kó má sì rí ibi tí irin méjì kan fara kanra tí wọn kò di ara wọn mú dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ìkọlù kan wà tó pẹ́ tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Nínú irin, ìgbì rẹ̀ á gùn tó nǹkan bíi mílímítà 6. Tó bá dé ẹ̀yìn tó sì padà, iwájú rẹ̀ tó ń bọ̀ á pàdé ìrù rẹ̀ tó ṣì ń lọ ní ìdajì gígùn yẹn, ìyẹn mílímítà 3 sí ẹ̀yìn irin. Ibẹ̀ gan-an ni ìfà ti ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá wá fi mílímítà 3 irin tuntun kún ẹ̀yìn irin náà, ojú àtúnṣe ti bọ́ sí ibi tó burú jù lọ, ó sì dojú kọ ìfà gbọnran. Bí àtúnṣe yẹn bá jẹ́ mílímítà 1 tàbí 5, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ fi ọwọ́ kan náà ṣe é. Mo mọ̀ pé ìkọlù tòótọ́ kì í rí gún régé tó báyìí. Síbẹ̀ ẹni tó bá ń tún nǹkan ṣe láìbéèrè ibi tí ìfà yóò bọ́ sí, àfọwọ́fà ló ń ṣe.

Ṣé a lè wo àìlera ìpele yìí sàn? Àwọn onímọ̀ Los Alamos yìí kan náà, tí George Gray ṣáájú wọn, ti fi irin 316L tí kì í dípẹtà, èyí tí ẹ̀rọ LENS gbé kalẹ̀, dán èyí wò. Wọ́n fi àwo irin kọlu oríṣi mẹ́ta, ìfúnpọ̀ rẹ̀ dé 4.7 àti 6.5 GPa: irin tí wọ́n rọ láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó ti ẹ̀rọ jáde bẹ́ẹ̀, àti èyí tó ti ẹ̀rọ jáde tí wọ́n tún dá padà sínú ìléru títí gbogbo wóró rẹ̀ fi tún ara wọn ṣẹ̀dá. Iná ìléru lè pa ọ̀pọ̀ nínú àpá ìpele rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyọ tí wọ́n gbé wá fún àtúnṣe ti ní ìwọ̀n tirẹ̀, ó ti ní ojú tí wọ́n dán, àwọn ibòmíràn lára rẹ̀ sì lè ní líle tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún un. Bí ẹ bá gbé odidi rẹ̀ sínú ìléru, ẹ lè wo ẹsẹ̀ sàn kí ẹ sì ba orí jẹ́. Ibí yìí ni àtúnṣe ti le ju ṣíṣe tuntun lọ, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń polówó ẹ̀rọ kì í sábà dúró sí.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìkọlù fúnra rẹ̀ lè jẹ́ oògùn. Ní 1997, General Electric bẹ̀rẹ̀ sí fi ìbúgbàù lésà kékeré lu abẹ̀bẹ̀ iwájú ẹ̀ńjìnnì F101, èyí tó ń gbé ọkọ̀ òfuurufú ogun B-1B. Òkúta àti pàǹtírí tó ń wọnú ẹ̀ńjìnnì ń já eteetí abẹ̀bẹ̀ náà jẹ, ibẹ̀ ló sì ti ń sán. Wọ́n á fi nǹkan bo ojú irin, wọ́n á jẹ́ kí omi máa ṣàn lórí rẹ̀, lésà á wá ta lù ú fún àkókò tó kúrú gan-an. Ìgbì tó wọlé á fi ìfúnpọ̀ sílẹ̀ títí láé lójú irin, tí sísán kò fi ní rọrùn. A lè ṣe irú rẹ̀ fún ojú àtúnṣe, kí ìfà tó kù sínú rẹ̀ lè yí padà di ìfúnpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ta á jù, tí irin náà sì tín-ín-rín, lè fi oògùn náà ṣí ojú ìpàdé láti ẹ̀yìn.

Àwọn tó ti ibi ìfọ́kúta ní agbègbè Abẹ́òkúta wá, mo rí yín. Òòlù inú ẹ̀rọ ìfọ́kúta tí ẹ ń jó irin líle lé lójú kì í rí ìkọlù tó dé ti ìbọn gáàsì. Ìyára rẹ̀ kéré sí i púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí irin líle náà bá ń bó ní abala-abala tí kò sì jẹ díẹ̀díẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn abala tó bó. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá mọ́ tónítóní, tó tẹ́jú, ojú ìpàdé ló jọ̀wọ́ sílẹ̀, ẹ má kàn ra ọ̀pá irin jíjó tó wọ́n jù. Ẹ wo bóyá ẹ fọ irin àtijọ́ dáadáa, àti bóyá ẹ mú un gbóná tó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti àwọn tó máa buwọ́ lu ìwé àtúnṣe fún ẹ̀ńjìnnì àti ọkọ̀ tí ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀, ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n máa béèrè kò pọ̀. Kí ẹni tó tún ẹyọ kan ṣe tún irin àfidánwò kan ṣe pẹ̀lú rẹ̀, lọ́jọ́ kan náà, lórí irin àtijọ́ irú kan náà. Kí wọ́n gé e ní ìhà méjì, ọ̀kan tí ìfà yóò bá ìpele lọ, ọ̀kan tí yóò dojú kọ ọ́, kí ojú ìpàdé sì wà láàárín àpẹẹrẹ, kì í ṣe ní kọ̀rọ̀ tí ìfà kò ní dé. Bí ẹyọ náà bá ń lọ síbi tí ìkọlù wà, kí wọ́n fi ìkọlù dán an wò. Ó wọ́n, mo mọ̀. Ìbọn gáàsì kì í ṣe nǹkan tí gbogbo yunifásítì ní. Ọ̀pá tí wọ́n sọ lórúkọ Hopkinson, tí Herbert Kolsky tún ṣe ní 1949, kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Kò lè bí ìfúnpọ̀ tó tó ti ìbọn, ṣùgbọ́n ìyára tó fi ń fa irin fi ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún ju ti ẹ̀rọ ìfarin lọ. Irin gbọọrọ, ohun èlò tó ń ka bí irin ṣe ń nà, àti kọ̀ǹpútà kan ló ń fẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbí lè kọ́ ọ.